Ekurá, Òkun àti Ọ̀sà: Ìtàn Ẹnu-Omi Àbíjàn

Lára ẹyọ owó àti bébà owó sẹ́fà tí a fi ń ra iṣu, ẹ̀pà àti ẹja yíyan ní ọjà Niangon, àwòrán ẹja kan wà tí ènìyàn kì í sábà wò lẹ́ẹ̀mejì. Ẹja náà gùn, imú rẹ̀ nà síwájú bí ayùn gbẹ́nàgbẹ́nà, eyín sì tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Àmì ilé ìfowópamọ́ àgbà àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí ń ná sẹ́fà, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí BCEAO, ni àwòrán yìí jẹ́. Kì í ṣe ayàwòrán òde òní ni ó ronú rẹ̀ jáde. Ara òṣùwọ̀n wúrà àwọn Akan ni a ti mú un, ìyẹn àwọn idẹ wẹ́wẹ́ tí oníṣòwò fi ń wọn lẹ́búlẹ́bú wúrà fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún kí owó òyìnbó tó gba ilẹ̀. Ẹja aláyùn náà jẹ́ ìbátan ekurá, ibi tí omi òkun àti omi odò ti ń pàdé ni ó sì fẹ́ràn láti máa bímọ sí. Lónìí, inú owó nìkan ni ọ̀pọ̀ ọmọ Àbíjàn ti mọ̀ ọ́n. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá tán ní etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, àfi ìwọ̀nba díẹ̀ tí a ṣì ń gbúròó rẹ̀ ní apá Guinea-Bissau àti Sierra Leone.

Bí ẹ̀dá tí àwọn baba ńlá kà sí ohun tí ó yẹ kí a fi wọn wúrà ṣe di àwòrán lásán, ìtàn ni. Ìtàn náà kò sì ṣeé lóye bí a kò bá kọ́kọ́ mọ bí òun àti àwọn ìbátan rẹ̀ ṣe ń lo etí òkun àti ọ̀sà láti àsìkò kan dé òmíràn, kí a tó wá wo ohun tí ọwọ́ ènìyàn ti ṣe sí ẹnu-ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọlé tí wọ́n sì ń gbà jáde.

Niangon wà ní Yopougon, ní apá ìwọ̀-oòrùn ìlú Àbíjàn. Kí ó tó di àdúgbò tí ilé kún fọ́fọ́, abúlé àwọn Ébrié, tí wọ́n ń pe ara wọn ní Tchaman, ni ó wà níbẹ̀. Orúkọ Niangon-Lokoa àti Niangon-Adjamé ṣì ń jẹ́rìí sí i títí di òní. Ẹ̀yà púpọ̀ ni ó ti wá dà pọ̀ mọ́ wọn ní Àbíjàn, àwọn Yorùbá tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní Anango sì wà lára wọn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn Anango yìí ni ó jẹ́ ọmọ Èjìgbò ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tí ìran wọn ti ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ láàárín ìlú méjèèjì fún ọjọ́ pípẹ́.

Niangon kò kọjú sí òkun. Ọ̀sà ni ó kọjú sí, Ọ̀sà Ébrié tí ó fẹ̀ tó kìlómítà 566 níbùú-lóròó, tí ó sì nà gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkun fún nǹkan bí kìlómítà 130, tí ilẹ̀ oníyanrìn tẹ́ẹ́rẹ́ kan là wọ́n láàárín. Èdè Yorùbá kò fi ọ̀rọ̀ omi wọ̀nyí ṣeré rárá. Òkun ní orúkọ tirẹ̀, ọ̀sà ní tirẹ̀, odò ní tirẹ̀. Bí Olókun ṣe wà, bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́sà wà. Ẹni tí ó bá ní omi ni gbogbo omi ń jẹ́, yóò ṣìnà nínú ìtàn ekurá, nítorí pé láàárín omi iyọ̀ àti omi dídùn gan-an ni gbogbo ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀.

Ekurá kì í yé ẹyin bí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹja ṣe ń yé e. Sáwá kan ṣoṣo lè da ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyin sínú omi, kí ó sì máa bá tirẹ̀ lọ. Ní ti ekurá, irú tí ó pọ̀ jù lọ ní etíkun wa máa ń lóyún ni, ó sì máa ń bí ọmọ láàyè, ọmọ náà kì í pọ̀, oyún náà sì máa ń pẹ́. Èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Carcharhinus leucas, tí àwọn Faransé fi wé ajá bouledogue nítorí imú rẹ̀ tí ó kúrú tí ó sì nípọn, a máa gbé oyún fún nǹkan bí oṣù mẹ́wàá sí mọ́kànlá. Bí ó bá bí púpọ̀, kì í sábà ju mẹ́tàlá lọ. Ọmọ náà lè lò ju ọdún mẹ́wàá lọ kí òun fúnra rẹ̀ tó bí ọmọ. Irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ kò lè fi ọmọ tàfàlà. Ó ní láti wá ibi tí oúnjẹ pọ̀ sí, tí omi kò jìn, tí àwọn ekurá àgbà tí ń jẹ ọmọ ekurá kì í sábà dé. Ẹnu odò, ọ̀sà àti àárín gbòǹgbò igi ẹ̀gbà ni irú ibi bẹ́ẹ̀.

Ìdí tí Carcharhinus leucas fi lè wọ ibẹ̀ wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ekurá kò lè pẹ́ nínú omi dídùn, nítorí pé iyọ̀ ara wọn yóò máa ṣàn jáde, omi yóò sì máa rọ́ wọlé. Eléyìí mọ bí ó ti ń dín iyọ̀ àti èròjà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kù bí omi bá ti ń dùn sí i. A máa tọ̀ púpọ̀ láti lé àpọ̀jù omi jáde, ẹ̀ṣẹ́ kan tí ó fi ń da iyọ̀ nù nínú òkun a sì dẹ ọwọ́ iṣẹ́ rẹ̀. A ti rí i nínú odò Gáńbíà àti nínú odò Ogooué ní Gabon. Àwọn mìíràn kò lè ṣe tó bẹ́ẹ̀. Ekurá olórí-òòlù tí ń jẹ́ Sphyrna lewini máa ń bímọ sí etí òkun àti inú kùdù òkun tí kò jìn, àwọn àgbà rẹ̀ sì máa ń padà sí agbami. Ekurá kékeré tí ń jẹ́ Rhizoprionodon acutus kì í jìnnà sí etíkun rárá. Nítorí náà, ibi kan náà lè jẹ́ ilé ìtọ́mọ fún ọ̀kan, kí ó jẹ́ ọjà oúnjẹ fún èkejì, kí ó sì jẹ́ èèwọ̀ fún ẹ̀kẹta. Àsìkò ni ó ń pinnu rẹ̀.

Àsìkò omi Àbíjàn kì í ṣe òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn nìkan. Òkun ní tirẹ̀, ọ̀sà ní tirẹ̀, àwọn méjèèjì kì í sì í rìn ní ẹsẹ̀ kan náà.

Ní ti òkun, omi etíkun Côte d'Ivoire àti Gánà a máa gbóná ní apá tí ó pọ̀ jù nínú ọdún. Ṣùgbọ́n láti oṣù keje dé oṣù kẹsàn-án, omi tútù a rú sókè láti ìsàlẹ̀ òkun wá sí etíkun, a sì gbé èròjà tí ewé-omi wẹ́wẹ́ ń jẹ wá pẹ̀lú ara rẹ̀. Ìrú-sókè kékeré mìíràn a máa wáyé ní nǹkan bí oṣù kìíní sí oṣù kejì. Bí ewé-omi wẹ́wẹ́ bá pọ̀, kòkòrò omi tí ń jẹ ẹ́ a pọ̀. Bí kòkòrò bá pọ̀, sáwá a dé ní agbo-agbo. Bí sáwá bá dé, àwọn tí ń jẹ sáwá kò ní jìnnà. Láti Cape Palmas dé Cape Three Points àti kọjá rẹ̀, àsìkò omi tútù yìí ni ó ń sún àwọn apẹja láti ìlú dé ìlú. Ohun tí ó sún apẹja ni ó ń sún ekurá pẹ̀lú: oúnjẹ.

Ní ti ọ̀sà, ìṣirò mìíràn ni. Láti oṣù kìíní dé oṣù kẹrin, òjò kò sí, odò fà, omi òkun sì ń wọ inú ọ̀sà pẹ̀lú ìkún omi ojoojúmọ́. Omi agbègbè Àbíjàn a wá di oníyọ̀. Láti oṣù karùn-ún dé oṣù kẹjọ, òjò etíkun a bẹ̀rẹ̀ sí í fọ iyọ̀ náà. Láti oṣù kẹsàn-án dé oṣù kejìlá, odò Comoé, tí ó ti Burkina Faso wá, a gbé ìkún-omi òkè dé, omi ọ̀sà a pọ́n fún ẹrẹ̀, a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di omi dídùn pátápátá ní ibi tí ó ń gbà kọjá. Ọ̀nà jíjìn ni ó sọ ìdí rẹ̀: òjò tí ó rọ̀ ní àríwá nígbà tí Niangon ń mú agboòrùn ni ó ń dé ọ̀sà nígbà tí òjò ti dá.

Bí a bá gbé ìwé àsìkò méjèèjì lé ara wọn, a ó rí i pé ilẹ̀kùn méjì ni ó ń ṣí tí ó sì ń tì fún ẹja ńlá. Ní oṣù tí ọ̀sà ní iyọ̀, ẹja òkun tí kò lè fara da omi dídùn lè bá ìkún omi wọlé dé àyè tí kì í dé ní oṣù mìíràn. Ní oṣù tí Comoé kún, wọn a padà sẹ́yìn, kìkì àwọn tí ara wọn gba omi dídùn ni ó lè dúró. Nínú òkun, ní oṣù omi tútù, oúnjẹ pọ̀ ní etíkun tó bẹ́ẹ̀ tí ẹja agbami pàápàá ń sún mọ́ ilẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá bèèrè bóyá ekurá ń gbé Àbíjàn tàbí kò gbé ibẹ̀, ó ti fi àsìkò sílẹ̀ nínú ìbéèrè rẹ̀.

Fún ìgbà pípẹ́, ẹnu-ọ̀nà gidi kan ṣoṣo ni ọ̀sà náà ní sínú òkun, ní Grand-Bassam, níbi tí Comoé ti ń tú ara rẹ̀ jáde. Niangon wà ní òdìkejì, ní ìwọ̀-oòrùn, ó sì jìnnà sí ẹnu náà ní nǹkan bí ogójì kìlómítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iyọ̀ tí ó bá fẹ́ dé Niangon ní láti rin gbogbo ọ̀nà yẹn. Omi ibẹ̀ kò lè ní iyọ̀ tó bí ó ti ní in lónìí ní àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn.

Ohun tí àwọn ará ọ̀sà mọ̀ nípa ekurá ní àkókò náà kò sí nínú ìwé, nítorí pé ẹnu ni wọ́n fi ń fi ìmọ̀ lé ọmọ lọ́wọ́, idẹ ni àwọn Akan aládùúgbò wọn sì fi ń kọ tiwọn. Ohun tí ó wà nínú ìwé ni ohun tí àwọn tí ó wà nínú ọkọ̀ òkun rí. Willem Bosman, oníṣòwò ará Holland tí ó gbé etíkun Gánà òde òní, tẹ ìwé kan jáde ní 1704, nínú èyí tí ó ti ṣàpèjúwe ekurá àti bí wọ́n ṣe ń fa òkú ẹrú tí a bá jù sínú omi ya. Òpìtàn ará Amẹ́ríkà, Marcus Rediker, padà sí ọ̀rọ̀ yìí ní 2008, ó sì fi hàn pé ekurá ń tẹ̀lé ọkọ̀ ẹrú láti etíkun Áfíríkà, àti pé àwọn ọ̀gákọ̀ ń fi ìbẹ̀rù wọn dẹ́rù ba àwọn ẹrú àti àwọn atukọ̀.

Ó yẹ kí olùkọ́ èdè àti òpìtàn ṣàkíyèsí ohun kan níbí. Àwòrán ekurá gẹ́gẹ́ bí ìkà ẹ̀dá tí kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kí ó jẹ ènìyàn, àwòrán tí ó ti kún inú ìwé àti fíìmù ayé, kò jáde láti ọ̀dọ̀ àwọn tí ń gbé pẹ̀lú rẹ̀ lẹ́bàá omi. Orí ọkọ̀ ni a ti mọ ọ́n, ní ibi tí òwò ènìyàn ti sọ òkú di oúnjẹ òòjọ́. Bí oúnjẹ kò bá tẹ̀lé àsìkò mọ́, ẹranko tí ń jẹ ẹ́ kò ní tẹ̀lé àsìkò. Ìkà tí àwọn òyìnbó kọ sílẹ̀ pé ó wà lọ́wọ́ ekurá, ọwọ́ ẹni tí ó ni ọkọ̀ ni ó ti wá.

Nígbà tí ìjọba Faransé fìdí múlẹ̀, ìṣòro ẹnu-omi ni ó kọ́kọ́ dojú kọ wọ́n. Wọ́n fi Grand-Bassam ṣe olú-ìlú ní 1893; ìbà pọ́njú pa ọ̀pọ̀ ènìyàn níbẹ̀ ní 1899, wọ́n sì kó lọ sí Bingerville ní 1900. Ìgbì etíkun náà le tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ̀ ńlá kò lè sún mọ́ ilẹ̀; afárá onírin tí ó nà sínú òkun ni wọ́n fi ń kó ẹrù ní Bassam láti 1901. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni kí ọkọ̀ òkun wọ inú ọ̀sà tí omi rẹ̀ pa rọ́rọ́. Láàárín 1904 àti 1907, wọ́n gbẹ́ ọ̀nà-omi kan la ilẹ̀ oníyanrìn náà já ní Petit-Bassam, ní apá ibi tí a ń pè ní Port-Bouët lónìí. Yanrìn tí ìgbì ń kó lọ sí ìlà-oòrùn láìsinmi sì dí i pa. Òkun kì í hó ruru kí a wà á ruru.

Ọgbọ́n tí wọ́n wá dá ní ìgbà kejì ni kí wọ́n wo ìsàlẹ̀ òkun kí wọ́n tó gbẹ́ ilẹ̀. Ní iwájú Vridi, ọ̀gbun kan wà lábẹ́ òkun tí orí rẹ̀ sún mọ́ etíkun gan-an. Àwọn Faransé ń pè é ní ihò aláìnísàlẹ̀. Ọ̀gbun yìí ni ó ń gbé yanrìn tí ìgbì ń kó bọ̀ mì. Bí a bá gbẹ́ ẹnu-omi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, yanrìn kò ní rí i dí. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní 1936, ogun àgbáyé kejì dá a dúró, wọ́n sì padà sí i lẹ́yìn ogun. Ní oṣù keje 1950, òkun àti ọ̀sà pàdé ní Vridi. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kejì 1951 ni François Mitterrand, tí ó jẹ́ mínísítà fún àwọn ilẹ̀ Faransé òkè òkun nígbà náà, wá ṣí èbúté náà. Ọ̀nà-omi náà gùn tó kìlómítà 2.7, ó fẹ̀ tó mítà 370, omi inú rẹ̀ sì jìn tó mítà 15.

Gbogbo ìwé ìtàn ni ó ti sọ ohun tí Vridi ṣe fún Àbíjàn: ó sọ ọ́ di èbúté ńlá, ó sì fa ènìyàn wá láti ibi gbogbo. Ohun tí ó ṣe fún omi kò gba ojú ìwé tó bẹ́ẹ̀. Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ibi tí a bá fi iyọ̀ sí ni ó ń ṣomi sí. Òkun tí ó ti ń gba Bassam wọlé wá rí ọ̀nà tí kò jìnnà mọ́, iyọ̀ ẹ̀ẹ̀rùn sì wá dé ọ̀dọ̀ àwọn abúlé Yopougon ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Comoé náà yí ìrìn padà: apá kan nínú ìkún-omi rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba Vridi jáde. Agbára tí ó fi ń ti yanrìn kúrò ní Bassam dínkù, ẹnu Bassam sì bẹ̀rẹ̀ sí í dí léraléra. Ẹnu tí Olódùmarè ṣí ń pa dé, èyí tí ènìyàn gbẹ́ sì ń fẹ̀ sí i. Ní 2019 ni wọ́n tún parí iṣẹ́ títún un fẹ̀ àti títún un gbẹ́ kí ọkọ̀ tí ó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ lè wọlé.

Kì í ṣe Àbíjàn nìkan ni ó ṣe irú èyí. Ní 1885, wọ́n la ilẹ̀ ní Kútọnu kí ìkún-omi adágún Nokoué lè rí ọ̀nà dé òkun, adágún náà sì di oníyọ̀ ní ẹ̀ẹ̀rùn láti ìgbà náà. Ní Èkó, láti 1908 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi òkúta ṣe odi sínú òkun ní ẹnu ọ̀sà kí ọkọ̀ ńlá lè wọlé. Láàárín ọdún tí kò tó àádọ́rin, àwọn ìjọba amúnisìn ti tún ẹnu ọ̀sà mẹ́ta tí ó tóbi ní etíkun wa ṣe, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí a ti kọ́kọ́ bèèrè ohun tí ń gba ibẹ̀ kọjá yàtọ̀ sí ọkọ̀ àti omi.

Bí a bá wo Vridi láti ojú ekurá, ó lè dà bí oore. Ẹnu-ọ̀nà tí kì í dí ní gbogbo ọdún, tí ó jìn, tí ó sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gbun tí ẹja agbami lè gbà sún mọ́ ilẹ̀: kí ni ẹja ńlá tún ń wá? Àpẹẹrẹ láti ibòmíràn fi hàn bí ẹnu tí ó ṣí ṣe ṣe pàtàkì tó. Ní St Lucia ní Gúúsù Áfíríkà, níbi tí Carcharhinus leucas ti máa ń bímọ, ọ̀dá àti yanrìn ti ẹnu adágún náà láti 2002, kò sì ṣí fún ìgbà pípẹ́ nínú ọdún mẹ́wàá tí ó tẹ̀ lé e. Ilé ìtọ́mọ náà bọ́ lọ́wọ́ àwọn tí ó wà lóde. Ní Amẹ́ríkà, ní ọ̀sà Pamlico ní Ìpínlẹ̀ North Carolina, òdìkejì rẹ̀ ni ó ṣẹlẹ̀: bí omi ibẹ̀ ṣe ń gbóná sí i tí iyọ̀ rẹ̀ sì ń pọ̀ sí i, àwọn onímọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rí ọmọ ekurá kan náà lọ́dọọdún láti 2011, ní ibi tí wọn kì í ti í sábà rí i tẹ́lẹ̀. Ooru omi, iyọ̀ àti ẹnu tí ó ṣí ni ọba tí ń yan ibi tí ọmọ ekurá yóò gbé.

Ṣùgbọ́n ẹnu-ọ̀nà nìkan kì í ṣe ilé. Ní àkókò kan náà tí Vridi ń ṣí ilẹ̀kùn, ìlú tí Vridi bí ń ba yàrá tí ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn náà jẹ́. Àwọn ènìyàn gé igi ẹ̀gbà fún igi ìdáná àti fún ilẹ̀ ìkọ́lé. Omi ìdọ̀tí ilé àti ti ilé-iṣẹ́ ń ṣàn sínú àwọn kùdù ọ̀sà ní àárín ìlú. Àwọ̀n olójú kékeré ń kó agbodo àti epìyà kí wọ́n tó dàgbà, ìyẹn ni pé oúnjẹ ọmọ ekurá ń bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. A lè fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ṣe àkópọ̀ rẹ̀: ilẹ̀kùn fẹ̀, yàrá bàjẹ́. Ẹja aláyùn ni ó kọ́kọ́ san gbèsè yìí ní etíkun wa, nítorí pé ayùn imú rẹ̀ ń há sínú àwọ̀n èyíkéyìí tí a bá ta sí ọ̀sà tàbí ẹnu odò. Ẹja tí ó ní láti wá sí etí omi láti bímọ ni àwọ̀n etí omi ń pa tán.

Lóde ọ̀sà, ìpẹja tí ó tóbi jù lọ wà lọ́wọ́ àwọn apẹja aláriṣíkiri láti Gánà, pàápàá àwọn Fante, tí wọ́n tẹ̀dó sí etíkun Côte d'Ivoire láti Vridi dé Sassandra àti kọjá rẹ̀. Ọkọ̀ igi gígùn tí ó ní ẹ́ńjìnnì ni wọ́n ń lò, àwọ̀n tí ń léfòó tí wọ́n ń pè ní nifa-nifa sì wà lára ohun tí wọ́n fi ń mú ẹja ńlá. Wọ́n ti ń fi iyọ̀ sí ẹran ekurá tí wọ́n ń sá a gbẹ tipẹ́. Kako ni wọ́n ń pè é ní Gánà, ọbẹ̀ àwọn mẹ̀kúnnù ni ó ń wọ̀. Oúnjẹ ni ekurá jẹ́ fún wọn, kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́. Ohun tí ó yí ìṣirò padà ni lẹbẹ. Láti nǹkan bí 1980 lọ, bí ọrọ̀ ṣe ń pọ̀ sí i ní Hong Kong àti Ṣáínà, lẹbẹ ekurá di ọjà tí ó ń mú owó wọlé ju gbogbo ẹran ara rẹ̀ lọ, àwọn oníṣòwò rẹ̀ sì tàn ká láti Senegal dé Gúlúfù Guinea. Ẹja tí ń bí ọmọ díẹ̀, tí ó sì ń pẹ́ kí ó tó dàgbà, kò lè fara da irú ọjà bẹ́ẹ̀.

Àìsí òye àsìkò mú kí ìpalára náà le sí i. Ẹni tí ó bá ta àwọ̀n sí etíkun ní oṣù tí ekurá olórí-òòlù ń wá bímọ yóò mú ìyá, yóò sì mú ọmọ. Ọjọ́ kan náà ni ó jẹ èlé tí ó sì jẹ olú-owó. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí sáwá yẹ kí ó ti kọ́ gbogbo ènìyàn lọ́gbọ́n. Lẹ́yìn ìpẹja àpajù ọdún 1972, sáwá tí ń jẹ́ Sardinella aurita fẹ́rẹ̀ẹ́ tán ní omi Gánà àti Côte d'Ivoire, ó sì tó ọdún mélòó kan kí ó tó padà. Sáwá padà nítorí pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni ẹyin rẹ̀. Ekurá kò ní irú ẹyin bẹ́ẹ̀ láti padà sí.

Ìmọ̀ nípa gbogbo èyí kò ṣàìsí. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí òkun ti wà ní Àbíjàn láti 1958. Ní 1965, Jacques Daget àti André Iltis tẹ ìwé ńlá kan jáde lórí ẹja omi dídùn àti omi ọ̀sà Côte d'Ivoire. Àwọn tí ó tẹ̀ lé wọn sì wọn iyọ̀ ọ̀sà náà láti oṣù dé oṣù fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ti òfin, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko igbó àti ti omi, èyí tí a mọ̀ sí CITES, fi ẹja aláyùn sí abẹ́ ìdáàbòbò ní 2007, ó fi ekurá olórí-òòlù sí i ní 2013, ó sì fi gbogbo ìdílé Carcharhinus sí i ní ìpàdé Panama ní 2022. Ní Mauritania, àwọn apẹja Imraguen tí wọ́n ń gbé Banc d'Arguin gbà ní 2003 láti má ṣe dọdẹ ekurá mọ́ nínú omi ibẹ̀, níbi tí ekurá ń wá bímọ nígbà ooru. Ní ìparí 2020, ìjọba Côte d'Ivoire kéde àgbègbè òkun àkọ́kọ́ tí yóò dáàbò bò ní Grand-Béréby. Ní 2023, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ti òkun fún ìpẹja láti oṣù keje kí ẹja lè sinmi.

Ìgbésẹ̀ ọdún 2023 yìí ni ó sún mọ́ ọgbọ́n àtijọ́ jù lọ, nítorí pé àsìkò ni ó fi ṣe ìpìlẹ̀. Oṣù keje ni omi tútù ń bẹ̀rẹ̀ sí í rú sókè, oṣù tí àwọ̀n ń kún jù lọ sì ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó dájú pé ó ń ni àwọn apẹja àti àwọn obìnrin tí ń yan ẹja lára; ẹni tí ebi ń pa kì í fẹ́ gbọ́ wàásù ìsinmi ẹja. Síbẹ̀, ẹbí tí ó bá jẹ irúgbìn tán ní ọdún yìí kò ní gbin nǹkan kan ní àmọ́dún. Ohun tí ó kù ni kí òfin àsìkò náà wọ inú ọ̀sà: kí a mọ oṣù tí ẹnu Bassam gbọ́dọ̀ ṣí, kí a fi ìyókù igi ẹ̀gbà sílẹ̀, kí omi ìdọ̀tí dínkù ní oṣù ẹ̀ẹ̀rùn tí Comoé kò lágbára láti fọ̀ ọ́ lọ.

Iṣẹ́ olùkọ́ èdè náà wà níbẹ̀. Orúkọ kì í pẹ́ lẹ́yìn ohun tí ó ń jẹ́ orúkọ náà. Bí ẹja bá ti kúrò nínú omi fún ìran méjì, orúkọ rẹ̀ a kúrò lẹ́nu ọmọdé, orúkọ oṣù tí ó ń wá a tẹ̀ lé e, òwe tí ó dúró lé e lórí a sì di àlọ́ tí kò ní ìtumọ̀. Èdè Tchaman ní Niangon wà nínú ewu yìí láàárín Faransé àti àwọn èdè ńlá tí ó yí i ká. Yorùbá Èkó àti Ìlàjẹ, pẹ̀lú gbogbo orúkọ ẹja rẹ̀, kò sì bọ́ nínú rẹ̀ pátápátá. Kíkọ orúkọ ẹja sílẹ̀ pẹ̀lú oṣù rẹ̀, láti ẹnu àwọn àgbà apẹja tí ó ṣẹ́kù, jẹ́ iṣẹ́ ìmọ̀ èdè àti ti ìmọ̀ ẹ̀dá omi lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹnìkan bá ti ní irú àkójọ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ní 1936, nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ Vridi, à bá mọ ohun tí ń gba ẹnu-omi náà kọjá, àsìkò tí ó ń gbà á, àti iye tí ó kù. Ìgbà kò lọ bí òréré. Iṣẹ́ náà kò lè dúró de ìran tí yóò mọ ekurá, bí a ti mọ ẹja aláyùn, láti ara owó nìkan.